Ihò Kejì Ni, Mo Ní Ìkẹta Ni

Apá kan ọ̀rọ̀ yìí, mo sọ ọ́ fún ọ̀gá mi. Apá kan, mo sọ ọ́ fún àlùfáà. Ìyókù wà níkùn mi, ó sì ti rẹ̀ mí láti máa gbé e kiri. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí ò mọ̀ mí, èmi náà ò mọ̀ yín. Bóyá ìyẹn ló jẹ́ kó rọrùn fún mi láti sọ gbogbo rẹ̀ kalẹ̀ síwájú yín.

Nevyana lorúkọ mi. Lọ́dún 2003, mo jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì, mo sì ń ṣiṣẹ́ ní ìwé ìròyìn kan tó ń kọ̀wé nípa kọ̀ǹpútà nílùú Sofia, olú ìlú orílẹ̀-èdè wa. Iṣẹ́ mi ni láti tú ẹ̀rọ tuntun palẹ̀, kí n yẹ̀ ẹ́ wò, kí n sì sọ fáwọn òǹkàwé èyí tó yá jù.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ bà yín lẹ́rù, nítorí ohun tí mo ṣe ò le láti yé èèyàn. Nínú kọ̀ǹpútà, ọpọlọ kan wà tó ń ṣírò, mẹ́mọ́rì sì wà tó ń gbé ohun tí ọpọlọ ń lò lọ́wọ́ dání. Ọ̀nà kan ló so àwọn méjèèjì pọ̀ lórí bọ́ọ̀dù, pátákó tí wọ́n to gbogbo wọn lé. Bí ọpọlọ bá yá bí àǹjọ̀nú, tí ọ̀nà yẹn bá há, yóò kàn jókòó máa retí ni.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ìjà ti dé láàárín àwa tá a mọ̀ nípa rẹ̀. Àwọn kan ní ọ̀nà tóóró tí nǹkan ti ń sáré bí ìmọ́lẹ̀ ló dára. Àwọn kan ní rárá, ọ̀nà oníbejì ni, èyí tí mẹ́mọ́rì méjì ti ń kó ẹrù lọ lẹ́ẹ̀kan náà, bí kò tiẹ̀ sáré tó ti àkọ́kọ́. Àgbàlagbà ń bú ara wọn lórí ẹ̀ nínú lẹ́tà sí olóòtú, bí ẹni ń jà nítorí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Evlogi. Báì Evlogi ni mò ń pè é. Báì la fi ń bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin tó bá jù wá lọ. Mo jẹ́ ọmọ ọdún méjìlélógún nígbà tó gbà mí sábẹ́ ara rẹ̀ níléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà ìjọba láyé àtijọ́. Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń jó òjé mọ́ wáyà láì jó ìka. Òun ló kọ́ mi pé nọ́ńbà tí èèyàn ò bá wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì, àròsọ ni.

Nígbà tí iléeṣẹ́ yẹn kógbá wọlé, báì Evlogi padà sí Sevlievo, ìlú rẹ̀. Ẹgbẹ́ àjùmọ̀ṣe kan wà níbẹ̀, adití ni gbogbo òṣìṣẹ́ wọn, mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń tò. Ó di ẹnjiníà wọn. Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èdè ọwọ́ wọn.

“Nevyana,” ó wí fún mi nígbà kan, “láti ìgbà tí mo ti ń fọwọ́ sọ̀rọ̀, ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi ti pọ̀ jù tẹ́lẹ̀.”

Ọ̀nà oníbejì ni ẹgbẹ́ yẹn yàn fún kọ̀ǹpútà wọn. Ẹni tó ń ta ti ọ̀nà tóóró ní Sofia ni Radostin. Èmi àti Radostin jọ lọ sí yunifásítì ni. Ó lẹ́nu dídùn, òórùn lọ́fínńdà máa ń ta lára rẹ̀, ó sì ń pè mí ní Nevi bíi ti ìgbà tá a wà lọ́dọ̀ọ́.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn, iléeṣẹ́ kan tó ń ya àwòrán ilẹ̀ fẹ́ ra ọ̀ọ́dúnrún ó lé ogójì kọ̀ǹpútà. Àwòrán ilẹ̀ wúwo, ọ̀nà mẹ́mọ́rì tó gbòòrò ni wọ́n nílò. Ọ̀gá wọn sọ gbangba pé òun ń dúró de àfiwé tí ìwé ìròyìn wa máa gbé jáde ní oṣù Keje. Gbogbo ojú wá ń wo tábìlì mi.

Tábìlì ẹni tó ti rẹ̀ sì ni. Ọkọ mi ti lọ ṣiṣẹ́ ní Spéènì láti ọdún mẹ́ta. Fóònù rẹ̀ ti di ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, nígbà tó yá ó di ìgbà ọdún tuntun nìkan. Ẹni tá a jọ ń ṣe àyẹ̀wò náà di ẹrù rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún, ó gba Áyálándì lọ. Wọn ò fi ẹnikẹ́ni rọ́pò rẹ̀. Bọ́ọ̀dù mọ́kànlá ló dúró dè mí, ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fún mi.

Ọjọ́bọ̀ ni mo kan ti ẹgbẹ́ adití. Òun ni ìkẹsàn-án. Oòrùn ń wọlé láti ojú fèrèsé, fáànù ti bàjẹ́, òógùn ń kán láti àgbọ̀n mi. Mo ti mẹ́mọ́rì méjèèjì bọ ihò, ayàwòrán wa ya fọ́tò rẹ̀, mo tan án, mo gbé ètò ìwọ̀n lé e. Báì Evlogi fúnra rẹ̀ ló kọ ètò náà nígbà kan rí.

Méjì àti ààbọ̀ ló wọ̀n, ìyẹn iye gígábáìtì tí ọ̀nà ń gbé ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, bó bá ṣe pọ̀ sí ló ṣe dára sí. Ti Radostin ti wọ̀n mẹ́ta àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀.

Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ní lọ́kàn mi pé ó kéré o. Àmọ́ ìkẹwàá àti ìkọkànlá ṣì wà nílẹ̀, ẹsẹ̀ mi ti wú, mi ò wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì.

Kí n tó lọ sílé, Radostin yà wá gbé bọ́ọ̀dù tiẹ̀. Ojú rẹ̀ bọ́ sórí ìwé mi.

“Nevi! Méjì àti ààbọ̀?” Ó fọwọ́ lé orí. “Ọ̀nà oníbejì tí wọ́n ń fi dá wa lágara látàárọ̀! Ìbejì kan ló dé, èkejì ò wá!”

“Radostin, má wo ìwé mi.”

“Mo ti wò ó ná. Wá bá mi jẹun lọ́sàn-án ọ̀la. Ọ̀rọ̀ wà.”

Mo lọ. A jókòó sábẹ́ igi níwájú ilé oúnjẹ kan, wọ́n gbé tarator wá, ọbẹ̀ wàrà tútù tó ní kùkúńbà, yìnyín ń léfòó lórí ẹ̀. Mi ò rántí ìgbà tí ẹnì kan gbé oúnjẹ síwájú mi kẹ́yìn.

“Àwọn ọ̀gá mi fẹ́ dá yàrá àyẹ̀wò sílẹ̀ níbí,” Radostin wí. “Wọ́n ní kí n wá ẹni tó máa jẹ́ olórí. Ọmọ iṣẹ́ méjì lábẹ́ ẹ. Ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, wàá lọ sí Taipei lókè òkun lọ wo ibi tí wọ́n ti ń ṣe bọ́ọ̀dù wa.”

“Kí ló dé tó o fi ronú kàn mí?”

“Ta ni kí n tún ronú kàn? Gbogbo èèyàn ló gba nọ́ńbà ẹ gbọ́. Sì wo ara ẹ, Nevi. O ti rù. Ìgbà wo lo sinmi?”

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ ìsinmi yẹn ló mú mi. Kì í ṣe Taipei, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ débẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ méjì ni mò ń rò. Mò ń rí ara mi tí mò ń ti ilẹ̀kùn láago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, tí ẹlòmíì ṣì wà nínú tó ń bá mi parí ẹ̀.

Mo ní kó fún mi láyè kí n rò ó. Àwa méjèèjì mọ̀ pé mo ti rò ó tán.

Mo padà sí ọ́fíìsì láti di àwọn ẹ̀rọ sínú páálí wọn. Mo tan ti ẹgbẹ́ adití lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n lè pa á bó ṣe yẹ. Ìlà funfun kan yọ lójú rẹ̀ bó ṣe ń jí. Ó ti yọ bẹ́ẹ̀ lánàá náà, mi ò kà á ni. Ohun tó wí ni pé ọ̀nà kan péré lòun ń lò.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ihò mẹ́rin ló wà lórí bọ́ọ̀dù: búlúù, dúdú, búlúù, dúdú. Bí èèyàn bá fẹ́ kí ọ̀nà méjèèjì ṣí, ihò kìíní àti ìkẹta ni yóò lò, búlúù méjèèjì. Èmi, mo ti àkọ́kọ́ bọ ìkìíní, mo ti èkejì bọ ìkejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀nà kan ni mo ṣí, mo dí èkejì pa.

Mo yọ ọ́, mo fi sí ìkẹta. Mo wọ̀n ọ́n.

Mẹ́rin àti díẹ̀ tí kò jẹ́ kó pé márùn-ún.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ohun tí mo kọ. Ó fi ti Radostin sẹ́yìn pátápátá. Mo jókòó sórí àga, mò ń wo nọ́ńbà yẹn. Àṣìṣe kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, mo mọ̀. Ìlà kan ṣoṣo ni mo ní láti pa rẹ́ nínú ìwé mi. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa tó gbé e lọ fáwọn òǹtẹ̀wé.

Mo pa ẹ̀rọ náà. Mo dì í sínú páálí rẹ̀. Mo ní lọ́kàn mi pé, “Ó ti rẹ̀ mí báyìí. Màá tún un ṣe lọ́jọ́ Ajé.”

Gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo fi sùn. Lọ́jọ́ Àìkú, mo tẹ Radostin láago, mo ní mo gbà.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé, fóònù dún. Àṣà wa ni láti fi èsì ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ẹ̀rọ kó tó jáde, ọ̀gá mi sì ti fi í ránṣẹ́. Ohùn báì Evlogi ni mo gbọ́.

“Nevyana ọmọ mi, ṣé àlàáfíà lo wà?”

“A dúpẹ́, báì. Ṣé ara yín le?”

“Ara ń lọ bọ̀. Wò ó, nọ́ńbà tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ yìí ya mí lẹ́nu. Níbí, mẹ́rin àti díẹ̀ tí kò jẹ́ kó pé márùn-ún ni mò ń rí lórí gbogbo wọn.”

Mo fa ìwé mi sún mọ́ra.

“Má bínú tí mo bá béèrè ọ̀rọ̀ ọmọ ilé ìwé lọ́wọ́ ẹ. Ihò kìíní àti ìkẹta lo lò, àbí?”

Mo gbọ́ bó ṣe ń mí. Mo gbọ́ ariwo ẹ̀rọ lẹ́yìn rẹ̀ níbi iṣẹ́ wọn. Mo lè sọ nígbà yẹn pé, “Báì, mo ṣe àṣìṣe, mò ń tún un ṣe lọ́wọ́.” Ì bá rẹ́rìn-ín ni. Ì bá ní, “Àgbà iṣẹ́ ò kọ àṣìṣe.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, báì,” ni mo wí. “Ìkìíní àti ìkẹta.”

“Ó dáa,” ó wí. “Bó o bá ti sọ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni. A jẹ́ pé èyí tá a fi ránṣẹ́ yẹn ló lábùkù. Bá mi dá a padà, kí n wo ohun tó ṣe é.”

“Wọ́n ti wá gbé e, báì. Ó ti wà lọ́nà.”

Abẹ́ tábìlì mi ló wà, ẹsẹ̀ mi ń kàn án. Irọ́ ò lè dá gbé. Ó ti wá ẹnì kejì kí n tó gbé fóònù sílẹ̀.

Ìwé ìròyìn jáde. Iléeṣẹ́ àwòrán ilẹ̀ ra kọ̀ǹpútà ti Radostin. Radostin fi òdòdó ránṣẹ́ sí mi, ó ní oṣù Kẹsàn-án ni mo máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun. Mo gbé òdòdó náà fún obìnrin tó ń gbálẹ̀.

Báì Evlogi pè mí lẹ́ẹ̀mejì sí i. Lẹ́ẹ̀kíní, ó ní páálí ò tíì dé. Mo ní kó rọra máa retí rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

“Ó ti lọ sọnù nìyẹn,” ó wí. “Kò burú. A ti mọ ẹni tó ṣàyẹ̀wò rẹ̀ kó tó kúrò níbí. Slavka ni. Nọ́ńbà kẹrìnlá ni òǹtẹ̀ rẹ̀. Obìnrin tó já fáfá ni, kò ṣàṣìṣe rí láti ọdún mẹ́fà. Ṣùgbọ́n ìpàdé ẹgbẹ́ bínú gan-an. Wọ́n ti gbé e kúrò nídìí àyẹ̀wò, wọ́n ní kó lọ máa lẹ páálí.”

“Kí ni òun fúnra rẹ̀ sọ?”

“Ó ní bọ́ọ̀dù náà pé nígbà tó kúrò lọ́wọ́ òun. Ó búra fún mi.” Báì Evlogi mí kanlẹ̀. “Mo sọ fún un pé mo mọ ẹni tó wọ̀n ọ́n. Mo ní èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́. Bí Nevyana bá ní ìkẹta ni, ìkẹta ni.”

Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, mo lọ fomi bọ́jú, mo padà sídìí iṣẹ́. Ẹ bi mí pé ṣé mo sunkún. Mi ò sunkún. Ó kàn dà bíi pé ẹnì kan gbé òkúta kan lé èyí tó ti wà lọ́rùn mi tẹ́lẹ̀, tí mo sì ń rò ó pé màá tún lè gbé ìyẹn náà.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Tèmi ò tiẹ̀ pé ogójì ọjọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, láàárọ̀, ní oṣù Kẹjọ. Ọ̀gá mi, Màdáàmù Temenuga, yọjú láti yàrá rẹ̀.

“Nevyana, àlejò ẹ dé láti Sevlievo. Ṣé o mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀?”

Báì Evlogi ló kọ́kọ́ wọlé, fìlà lọ́wọ́. Mi ò tíì rí i láti ọdún méjì. Ó ti gbó. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tẹ̀ lé e, ó wọ síkẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ eérú, ó di ìwé ìròyìn wa mọ́ àyà nínú ọ̀rá. Ó wò mí láti òkè délẹ̀ bí ẹni ń wo ẹ̀rọ tuntun.

“Ẹ jókòó,” ni Màdáàmù Temenuga wí.

Wọn ò jókòó. Obìnrin náà fi ìwé ìròyìn sórí tábìlì mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ sọ̀rọ̀. Báì Evlogi ń tú u sọ́rọ̀ ẹnu, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀, kò wo ojú mi.

“Ó ní òun kí yín. Ó ní Slavka lorúkọ òun. Ó ní òun ni òun ṣàyẹ̀wò bọ́ọ̀dù tá a fi ránṣẹ́ sí yín.”

“Ẹ káàbọ̀,” ni mo wí.

“Ó ní kí ẹ ṣí ojú ìwé kejìlélógójì. Ẹ wo fọ́tò tó wà lókè.”

Màdáàmù Temenuga fi awò sójú, ó tẹ orí wò ó. “Bọ́ọ̀dù yín nìyí. Kí ni kí n wò lára ẹ̀?”

Slavka gbé ìka lé e. Ọwọ́ rẹ̀ kejì ń sọ̀rọ̀.

“Ó ní ẹ wo àwọ̀ ihò,” báì Evlogi wí. “Búlúù, dúdú, búlúù, dúdú. Ó ní ẹ wo ibi tí mẹ́mọ́rì méjèèjì dúró sí. Wọ́n fara kanra bí ọkọ àti ìyàwó tuntun. Ó ní ó yẹ kí àlàfo wà láàárín wọn.” Ó tún un wí: “Ó yẹ kí àlàfo wà.”

“Nevyana?” Màdáàmù Temenuga yíjú sí mi. “Kí ni wọ́n ń sọ?”

Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ, torí òun ló ń tì mí lójú jù lọ títí dòní. Mo ní, “Bóyá nígbà tá a fẹ́ ya fọ́tò nìkan la tò ó bẹ́ẹ̀. A tún un tò ká tó wọ̀n ọ́n.”

Báì Evlogi tú ọ̀rọ̀ mi sí ọwọ́. Mo rí i bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń lọ́ra. Mo rí i pé ó fẹ́ kó jẹ́ òótọ́.

Slavka ò dáhùn. Ojú rẹ̀ ti kúrò lára wa. Abẹ́ tábìlì mi ló ń wò. Ó kúnlẹ̀, ó na ọwọ́, ó fa páálí kan jáde, ó gbé e sórí ìwé ìròyìn náà. Òǹtẹ̀ pupa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nọ́ńbà kẹrìnlá.

Kò fọwọ́ sọ ohunkóhun. Báì Evlogi náà ò tú ohunkóhun. Gbogbo wa gbọ́ ọ.

“Èyí tó sọnù lọ́nà,” báì Evlogi wí.

“Báì…”

“Nevyana, mo bi ọ́ lórí fóònù.”

“Ẹ bi mí, báì.”

“Kí lo dá mi lóhùn?”

Màdáàmù Temenuga bọ́ awò rẹ̀ sílẹ̀. Nínú yàrá kejì, ẹnì kan ń rẹ́rìn-ín sí fóònù.

“Mo ní ìkẹta ni,” mo wí. “Ìkejì ni. Mo mọ̀ kẹ́ ẹ tó pè mí. Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ Ẹtì.”

Mo rò pé yóò bú mi. Mo ti ń retí èébú yẹn, mo tiẹ̀ fẹ́ ẹ. Ó kàn yí ẹ̀yìn sí mi ni. Ó dojú kọ Slavka, ó fìlà sábẹ́ apá, ó sì fọwọ́ sọ̀rọ̀ fún un fún ìgbà pípẹ́. Mi ò gbọ́ èdè yẹn, àmọ́ mo rí ibi tó ti di ẹ̀ṣẹ́ tó fi ń ra àyà ara rẹ̀ yípo. Mo rí ojú Slavka tó ń pọ́n. Àgbà ọkùnrin ń bẹ obìnrin tó lè bí lọ́mọ, níwájú tábìlì mi, nítorí ohun tí èmi ṣe.

Lẹ́yìn náà wọ́n gbé páálí wọn, wọ́n lọ. Màdáàmù Temenuga sìn wọ́n débi àtẹ̀gùn. Nígbà tó padà dé, ó bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

“Radostin ló ní kó o ṣe é?”

“Rárá,” mo wí. “Kò sẹ́ni tó ní kí n ṣe é.”

Òótọ́ ni. Bí mo ṣe tẹ Radostin láago lọ́jọ́ yẹn náà, ohun tó sọ nìyẹn: “Ṣé mo ní kó o purọ́ ni, Nevi? Oúnjẹ ni mo ní ká jẹ.” Ó ní àwọn ọ̀gá òun ò lè gba ẹni tí orúkọ rẹ̀ ti bàjẹ́. Mi ò bá a jiyàn.

Wọ́n tẹ àtúnṣe sínú ìwé ìròyìn ti oṣù Kẹsàn-án, pẹ̀lú orúkọ mi. Wọ́n dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́. Iléeṣẹ́ àwòrán ilẹ̀ kẹ́dùn, àmọ́ kọ̀ǹpútà ti wà lórí tábìlì wọn. Ní Sevlievo, àwọn mẹ́sàn-án lára mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé títí iṣẹ́ mìíràn yóò fi dé. Wọ́n dá Slavka padà sídìí àyẹ̀wò. Ìyẹn nìkan ló ṣeé tún ṣe.

Mo kọ lẹ́tà sí ẹgbẹ́ náà ní ìparí oṣù Kẹsàn-án. Mo ní mo fẹ́ wá tọrọ àforíjì. Slavka ló dáhùn, ìlà méjì péré: “Àforíjì yín, ẹ fi sílé. Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀, ẹ wá wọ̀n ọ́n níwájú wa.”

Mo wọ bọ́ọ̀sì ní oṣù Kẹwàá. Ewé ti ń rẹ̀ lórí òkè. Mo sùn títí mo fi dé, bí ẹni tí wọ́n ń gbé lọ sí ilé ẹjọ́ tí kò sì ní ohun tó fẹ́ rò.

Yàrá iṣẹ́ wọn mọ́, ó sì kún fún ìmọ́lẹ̀. Wọ́n ti dúró yípo tábìlì kan, àwọn méjìlélógún tó kù. Mo ti rò pé yóò pa rọ́rọ́, àmọ́ ariwo pọ̀ níbẹ̀: àga ń họ ilẹ̀, ìlẹ̀kùn ń dún gbàmù, torí kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ọ. Báì Evlogi wà ní ìpẹ̀kun tábìlì.

“O káàbọ̀,” ó wí. Bó ṣe máa ń kí ẹni tó wá ka mítà iná nìyẹn.

Wọ́n gbé bọ́ọ̀dù kan síwájú mi. Mo ti mẹ́mọ́rì kìíní bọ ihò búlúù àkọ́kọ́. Mo fo dúdú, mo ti èkejì bọ búlúù tó tẹ̀ lé e. Mo na ọwọ́ láti tan ẹ̀rọ.

“Dúró,” báì Evlogi wí.

Mo dúró. Ó yíjú sí Slavka, ó fi ọwọ́ sọ ọ̀rọ̀ kúkúrú kan, ó sì tún un wí fún mi ní ẹnu, kó má bàa dà bíi pé ó ń sọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn.

“Mo ní kó yẹ̀ ẹ́ wò ná.”

Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi ṣiṣẹ́ yìí. Kò sẹ́ni tó yẹ ọwọ́ mi wò rí láti ìgbà tí ọkùnrin yìí ti sọ pé mo ti mọ̀ ọ́n. Mo ká ọwọ́ mi sẹ́yìn. Slavka tẹ orí, ó wo ihò kìíní, ó wo ìkẹta, ó fi ìka kan tẹ mẹ́mọ́rì méjèèjì wò bóyá wọ́n wọlé dáadáa. Kò yára. Lẹ́yìn náà ó mi orí sọ́tùn-ún sósì, bá a ṣe ń ṣe lọ́dọ̀ wa nígbà tá a bá ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ìgbà yẹn ni mo tó tan án.

Mẹ́rin àti díẹ̀ tí kò jẹ́ kó pé márùn-ún. Wọ́n wò ó. Kò sẹ́ni tó yọ̀, torí kì í ṣe ìròyìn fún wọn. Mo fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n gbé wá, èyí tí wọ́n fẹ́ máa fi han oníbàárà. Slavka náà fọwọ́ sí i lábẹ́ tèmi, ó lu òǹtẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n padà sídìí iṣẹ́ wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Báì Evlogi sìn mí dé ibùdókọ̀. Nígbà tí bọ́ọ̀sì dé, mo ní kí n tiẹ̀ bi í.

“Báì, ṣé ẹ ti dárí jì mí?”

Ó wò mí. Mo mọ ojú yẹn, èmi náà ń rí i nínú dígí mi: ojú ẹni tí kò bínú mọ́, torí ìbínú náà ń gba agbára.

“Ó rẹ̀ mí, Nevyana,” ó wí. “Bi mí nígbà mìíràn.”

Níbi tí mo wà báyìí, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni mò ń tún ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Pernik. Bí mo bá parí ọ̀kan, mo máa ń pe obìnrin tá a jọ ń ṣiṣẹ́ kó bá mi wò ó kí n tó dá a padà. Ó rò pé ojú mi ò ríran dáadáa mọ́. Mi ò sọ ohun tó dé fún un.

Ẹ̀yin tí iṣẹ́ ti sú, tí ẹ ń ṣe ti ẹni méjì, mi ò ní bá yín wí pé ẹ ṣe àṣìṣe. Ó rẹ̀ mí lọ́jọ́bọ̀ yẹn, ọwọ́ mi ṣì ihò, ẹnikẹ́ni ló lè ṣì í. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ajé, mo ti sùn, mo ti sinmi, orí mi pé. Ẹni tó bi mí léèrè nífẹ̀ẹ́ mi, ó sì ti ṣe tán láti gba òótọ́. Èmi ni mo yan èkejì. Tí ẹnì kan bá bi yín ní irú ìbéèrè yẹn, tó fún yín láyè láti sọ òótọ́ láìsí ìtìjú, ẹ tètè gbà á. Kì í pẹ́ kó tó kọjá.

Ọdún mẹ́rin ti lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n sọ fún mi pé báì Evlogi ṣì wà ní Sevlievo, ó ṣì ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀. Nọ́ńbà fóònù rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Mi ò tíì bi í.